Yunifásítì Tó Ń Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Wọ Dánfó

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, Ìbàfò ti jí sílẹ̀. Dánfó ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn kọ̀ńdọ́ ti ń ké "Bẹ́gà! Ọ̀jọ́ta! Ọ̀ṣòdì!" pẹ̀lú ohùn tó ti há. Ará Mówè àti Ìbàfò tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́ bá òun nílé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti mú láti Long Bridge dé ọjà màlúù Kàrá, ìrìn ogún ìṣẹ́jú lè di wákàtí méjì. Nínú ọkọ̀, ẹlòmíràn ti sùn, ẹlòmíràn ń gbàdúrà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò ní ṣàì sí ẹnì kan tó gbé fóònù sún mọ́ ojú, tó ti dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù nítorí bátìrì, tó ń fi àtàǹpàkò fa ojú ìwé sókè díẹ̀díẹ̀. Ìwé kọ́ọ̀sì ló ń kà. Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, orí ìjókòó yìí sì ni yàrá ìkàwé rẹ̀.

Yunifásítì kò wọ́n lágbègbè náà o. Ọkọ̀ tó ń ti Mówè bọ̀ wá s'Ékòó ń gba iwájú Prayer City kọjá, níbi tí Mountain Top University ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015. Mówè fúnra rẹ̀ ní Christopher University. Redeemer's University náà, Redemption Camp tó wà nítòsí Mówè ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005 kó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Téèyàn bá sì yà sápá Ìfọ̀, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ìbògún. Àmọ́ kí ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà ẹni, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kéèyàn ráyè wọ ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Owó yunifásítì aládàáni kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ẹni tó sì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ n'Íkẹjà láago mẹ́jọ kò lè jókòó sí kíláàsì aago mẹ́wàá.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kún ìlú wọ̀nyí ló jẹ́ pé owó ilé l'Ékòó ló lé wọn jáde. Wọ́n ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, wọ́n kọ́ yàrá méjì, wọ́n wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Wọ́n jẹ́ tẹ́lọ̀, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sìkiọ́rítì, oníṣòwò. Nínú wọn ni àwọn tó ṣe JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọn kò rí àyè. Ọdọọdún làwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ń jókòó ṣe ìdánwò náà, àwọn tó sì ń wọlé kò tó ìdajì wọn. Kí ni kí àwọn yòókù ṣe? Ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dá JAMB sílẹ̀ lọ́dún 1978.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wá láti inú àpò ìfìwéránṣẹ́. Láti 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti fàyè gba ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rí láti ṣe ìdánwò oyè rẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń di ìwé sínú àpòòwé, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ iṣẹ́ rẹ̀, á fi ránṣẹ́ padà, á sì máa retí máàkì fún ọ̀sẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gbà di ẹni tó gboyè B.Com. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944. Ìbàdàn ló wà, ó ń ṣòwò, ó ní ìyàwó àti ọmọ. Lẹ́yìn oyè yẹn ló tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ìyẹn ni pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tó ní yunifásítì kankan ni ọmọ Rẹ́mọ kan ti gboyè nínú ilé ara rẹ̀.

Ayé gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ lẹ́tà. Lọ́dún 1946, yunifásítì UNISA ní Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni láti òkèèrè nìkan ṣoṣo. Lọ́dún 1969, ìjọba Harold Wilson dá Open University sílẹ̀ ní Bìrìtìkó. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1971, BBC sì ń gbé ẹ̀kọ́ wọn sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Yunifásítì Èkó kò pẹ́ kó tó tẹ̀ lé wọn: lọ́dún 1974 ló dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní DLI lónìí. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1988, tó fi jẹ́ pé lónìí, rédíò ọgbà náà, Diamond FM 101.1, ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n bá wà. Ilé Ifẹ̀ ní ti tirẹ̀ ní Mórò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka lásán nìwọ̀nyí. Èyí tó yẹ kó jẹ́ odidi yunifásítì fún ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ rí nǹkan.

Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1983, lábẹ́ Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí, òfin tó dá National Open University, tí a ń pè ní NOUN lónìí, sílẹ̀ jáde. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, àwọn ológun gbàjọba. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1984, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari kéde pé òun ti dá yunifásítì náà dúró. Àwíjàre wọn ni pé owó kò sí, iná kò dúró, tẹlifóònù kò ṣiṣẹ́, ìfìwéránṣẹ́ kò já geere. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá rántí ọdún náà kò ní jiyàn. Àmọ́ iná tí kò dúró ni wọ́n ì bá tún ṣe, wọn ì bá má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó fẹ́ kàwé. Ọmọ ogún ọdún tó ń dúró de ilé ẹ̀kọ́ yẹn lọ́dún 1984 ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì kó tó tún ṣí.

Ẹni tó ṣí i jẹ́ ọmọ agbègbè tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Ìbògún-Ọláògún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ni wọ́n bí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sí. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń ṣe olùkọ́ n'Íbàdàn, ó ṣe ìdánwò àtiwọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ó yege, ṣùgbọ́n owó tí yóò fi wọlé kò sí. Ó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1958. Ọdún mẹ́tàlélógójì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2001, gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, ó jí yunifásítì tí wọ́n ti sin náà dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbémiró Jẹ́gẹ́dẹ́, tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́ ní Ọsirélíà àti Hong Kong, ló kọ́kọ́ ṣe gíwá rẹ̀. Ọbásanjọ́ kò sì dúró sórí pé ó ṣí i: lẹ́yìn tó kúrò lórí àlééfà, òun náà forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣe ìdánwò bí akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, títí tó fi gbèjà ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní oṣù kejìlá ọdún 2017. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni.

Orí gbé ilé ẹ̀kọ́ náà pàdé àkókò. Ọdún tó jí ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ní 2003 sí 2004 kò tíì mọ̀ pé fóònù ni yóò di ilé ìwé wọn. Ìwé títẹ̀ ni wọ́n ń gbà, wọ́n ń dì í mọ́ra nínú báàgì Ghana-Must-Go lọ sílé. Káfẹ́ ni wọ́n ń lọ láti rí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń sanwó lórí wákàtí, ojú ìwé kan á sì máa yí po títí àkókò yóò fi tán. Lẹ́yìn 2010, tí okùn MainOne ti gba abẹ́ òkun dé Èkó, tí fóònù oníbọ́tìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fàyè sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń tẹ ojú rẹ̀, ni nǹkan yí padà. Ìwé kọ́ọ̀sì di ohun tí wọ́n ń fà sọ̀kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sórí fóònù.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ká sọ pé ìyá kan ń ta aṣọ òkìríkà lọ́jà Ìfọ̀. Ó ti ní kírẹ́dìtì márùn-ún nínú WAEC láti ọjọ́ tó ti pẹ́. NOUN kò ní kó lọ jókòó fún JAMB. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa gba fọ́ọ̀mù, tí yóò san owó, tí yóò mú kọ́ọ̀sì. Iye tí agbára rẹ̀ bá ká ni yóò mú: bí ọjà bá burú ní sáà kan, ó lè mú mẹ́ta dípò méje, kò sí ẹni tí yóò lé e. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA ń bọ̀ lórí ẹ̀rọ, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún máàkì wà níbẹ̀. Àádọ́rin yòókù di ọjọ́ ìdánwò, èyí tó gbọ́dọ̀ lọ ṣe fúnra rẹ̀ ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri Nàìjíríà. Abẹ́òkúta ní ọ̀kan, Àwà-Ìjẹ̀bú ní ọ̀kan. Ó tilẹ̀ wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikírí, níbi tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń kàwé láìsan owó ẹ̀kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni ni ẹ̀yìn ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní NOUN ṣe iṣẹ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, wọ́n yege, wọ́n wọ gáùn. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ agùnbánirọ̀, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n dúró ná: ẹ̀kọ́ àbọ̀-àkókò ni tiwọn, ìwé tó yọ wọ́n sílẹ̀ ni kí wọ́n wá gbà. Ẹni tó bá gbé ìwé yẹn dé iwájú agbanisíṣẹ́ mọ ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Àwọn tó kọ́ ìmọ̀ òfin tiẹ̀ jìyà jù, torí ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò kò gbà wọ́n wọlé. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n kò lè wọ wíìgì. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ sílé ẹjọ́, wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin ní Àbújá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, àtúnṣe òfin NOUN di òfin, ó sì yọ àwọn gbólóhùn tó ń dínà mọ́ wọn kúrò. Ààrẹ tó buwọ́ lù ú ni Muhammadu Buhari, ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ kan náà lọ́dún 1984. Ó yẹ ká yìn ín fún ìyẹn, ó sì yẹ ká yin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé ìwé pa lọ́dún 2020. Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Ọ̀pọ̀ òbí tó ti ń fojú kékeré wo ẹ̀kọ́ orí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀.

Ìyà tó kù lónìí ni ti iná àti dátà. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, títan jẹnẹrétọ̀ torí kéèyàn lè kàwé di ohun tí ìdílé ń jókòó jíròrò lé lórí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi owó tó tó ìdajì kún iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó ń fi dátà wo fíìmù lè fi fíìmù sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí TMA rẹ̀ máa pa lóru òní kò ní ohun tó lè fi sílẹ̀. L'Ágbàdo, n'Ífọ̀, ní Mówè, èèyàn á rí wọn lálẹ́ níwájú ilé tó ní sólà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníbàǹkì POS, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ki ṣájà bọ iná ẹlòmíràn. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn bá fẹ́ ran àwọn èèyàn wọ̀nyí lọ́wọ́ lóòótọ́, gbọ̀ngàn kan tó ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì lójú títì márosẹ̀, tí kò ní í ti ilẹ̀kùn títí di aago mẹ́wàá alẹ́, yóò ṣe wọ́n láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ìlérí lọ.

Ọjọ́ ìdánwò, ìyá aláṣọ yẹn kò ní ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọkọ̀ Abẹ́òkúta n'Ífọ̀ kí oòrùn tó yọ, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi gba Pápálántó àti Èwékorò kọjá. Ní ibùdó, ó tò sẹ́yìn ọmọ tó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wo káàdì rẹ̀, wọ́n ní kó fi báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó, ó nu ojú ìgò rẹ̀ sétí ìró, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Aago ìdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn lókè ojú ẹ̀rọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì yọ.