Kí Ẹ Tó Fi Ẹ́ńjìnnì Ńlá Sí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ọmọ Yín

Ẹni tó bá jáde kúrò láàárín ìlú Tamale, tó gba ọ̀nà Yendi tàbí ọ̀nà Salaga, kò ní pẹ́ dé ilẹ̀ gbalasa. Ilẹ̀ tẹ́jú, igi kò pọ̀, ojú ọ̀run sì fẹ̀. Ìdílé tó ń gbé ní Mushin tàbí ní Bẹẹrẹ n’Ibadan kò lè rí irú ibẹ̀ nítòsí ilé. Torí náà, bí mọ̀lẹ́bí kan tó wà l’Amẹ́ríkà bá kó rọ́kẹ́ẹ̀tì àfiṣeré wálé fún ọmọ kan ní Tamale, kò ṣòro láti rí pápá tó ti lè fò. Ìgbà tó bá ti fò bí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ọmọ á ní: “Dádì, ṣé a ò lè fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù báyìí lọ sí i?”

Ó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Àmọ́ bí wọ́n bá kàn fi ẹ́ńjìnnì ńlá rọ́pò kékeré, tí wọn ò tún nǹkan kan ṣe lára rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè yíjú padà lójú òfuurufú kó sì kọrí sọ́dọ̀ àwọn tó ń wò ó.

Ibi tí ohun ìṣeré yìí ti wá

Ní 1954, Orville Carlisle, ọkùnrin tó ń ta bàtà nílùú Norfolk ní Nebraska, l’Amẹ́ríkà, ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé yọ, tí wọ́n sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 1957, ó fi í han Harry Stine, tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá wò. Ọdún yẹn gan-an ni Rọ́ṣíà gbé Sputnik lọ sójú ọ̀run, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki kẹ́míkà bọnú páìpù irin. Àwọn kan fara pa, àwọn kan sì kú. Ohun tí Carlisle àti Stine mú wá dáàbò boni ju ìyẹn lọ: páálí àti pákó fúyẹ́fúyẹ́ ni ara rọ́kẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ ló sì ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́ sígbà náà ni Vernon Estes ní Denver ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà lọ́pọ̀ yanturu.

Òfin tó ti ìgbà náà wá kò tíì yí padà: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ po ẹ̀tù nílé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ lu ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rà tàbí kó tún un kì. Ẹni tó bá fẹ́ agbára sí i, kó lo ẹ́ńjìnnì míì tó ti ilé iṣẹ́ wá.

Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì

Ara ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan àti nọ́ńbà méjì, bíi C6-5. Lẹ́tà ló ń sọ bí agbára inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lápapọ̀. Bí lẹ́tà bá sún síwájú lẹ́ẹ̀kan, òdiwọ̀n agbára yẹn á di ìlọ́po méjì: D lè tó ìlọ́po méjì C, E náà lè tó ìlọ́po méjì D. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì tó, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní newton. Nọ́ńbà kejì ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa kọjá lẹ́yìn tí ẹ̀tù bá ti jó tán, kí páráṣúùtì tó jáde.

Ìṣirò kan wà tí ọmọ iléèwé lè ṣe. Newton kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo 100 gíráàmù. Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè gbéra dáadáa, ó yẹ kí ohun tó ń tì í tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo rẹ̀. Nítorí náà, C6 lè gbé nǹkan bí 120 gíráàmù, D12 sì lè gbé nǹkan bí 240, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì wà nínú ìwọ̀n yẹn.

Ẹ wo ọfà ọdẹ

Irin wà lórí ọfà, ìyẹ́ sì wà nídìí rẹ̀. Orí tó wúwo ló ń ṣíwájú, ìyẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ sì ń mú kí ìdí tẹ̀ lé e. Ká ní ẹnì kan so irin náà mọ́ ìdí, ọfà ò ní lọ tààrà mọ́. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣe rí nìyẹn. Ibi tó ti dọ́gba bí wọ́n bá gbé e ka orí ìka gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì í jù. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ò gbọ́dọ̀ dín sí fífẹ̀ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Ìdí ni ẹ́ńjìnnì sì máa ń wà. C6 wúwo tó nǹkan bí 24 gíráàmù, D12 sì tó nǹkan bí 43. Ẹni tó fi D12 rọ́pò C6 ti so irin kún ìdí ọfà.

Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀

Ihò ìdí ni wọ́n máa kọ́kọ́ tún ṣe. C6 fẹ̀ tó mílímítà 18, D12 sì fẹ̀ tó 24. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ fẹ̀, bíi Big Bertha tí Estes ń ṣe, láàyè dáadáa nínú. Wọ́n á fi páìpù páálí mílímítà 24 rọ́pò ti àtijọ́, wọ́n á sì fi òrùka páálí àti gọ́ọ̀mù dì í mú ṣinṣin.

Lẹ́yìn náà ni ìyẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọ ọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbọ̀n títí táá fi kán. Kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì fa gọ́ọ̀mù sí oríkèé tó ti kan ara rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Imú ló kàn. Amọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa fi sínú rẹ̀, níwájú pátápátá. Bó bá ṣe jìnnà sí àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ á ṣe tó.

Àdánwò méjì ló máa sọ bóyá ó ti tó. Èkíní: ẹ gé páálí tó rí bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gan-an bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sórí rúlà títí á fi dọ́gba. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì í. Èkejì: ẹ fi ẹ́ńjìnnì tí kò ní wáyà ìṣáná sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì gangan, ẹ so okùn mọ́ ibi tó ti dọ́gba, kẹ́ ẹ wá fì í yípo níta. Bí imú bá ń ṣíwájú, ó ti dáa. Bí ìdí bá ń ṣíwájú, ẹ fi amọ̀ kún un.

Kékeré la ti ń pẹ́ka ìrókò. Ihò ńlá náà lè gba ẹ́ńjìnnì kékeré bí wọ́n bá fi páálí wọnú rẹ̀. Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún ṣe kọ́kọ́ fi C fò, bí ìwúwo rẹ̀ ò bá ju ohun tí C lè gbé lọ.

Ọ̀ràn Tamale

Láti nǹkan bíi November títí dé March, koríko ti gbẹ káríkárí, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Iná ni ẹ́ńjìnnì ń tú jáde. Ẹni tó bá yìn ín nígbà yẹn lè jó oko olóko. Àsìkò òjò, láàárọ̀ kùtù kí atẹ́gùn tó dìde, ló dáa jù. Kí wọ́n ro ilẹ̀ yí ibi tó ti máa gbéra ká, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi bátìrì àti wáyà tàn án láti mítà márùn-ún ó kéré tán. Bó bá jẹ́ E, kó jìnnà tó mítà mẹ́sàn-án. Bí kò bá gbéra, kí wọ́n yọ wáyà kúrò lára bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Pápá bọ́ọ̀lù iléèwé kò tó. Pápá tí wọ́n bá ti fẹ́ fi C fò yẹ kó tó nǹkan bíi mítà 120 ní gígùn àti ní fífẹ̀. D ń fẹ́ 150, E sì ń fẹ́ 300. Ọ̀nà Savelugu ni pápákọ̀ òfuurufú wà, kí wọ́n jìnnà síbẹ̀. Kí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Gánà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́: ara rọ́kẹ́ẹ̀tì lè wọnú báàgì, àmọ́ ẹ má fi ẹ́ńjìnnì sínú ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, ì báà jẹ́ báàgì ọwọ́ tàbí èyí tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀. Ohun tó lè bú gbàù ni òfin kà á sí.

Bí ẹ́ńjìnnì ò bá sí ńkọ́?

Tamale kún fún kẹ̀kẹ́, torí náà pọ́ǹpù kò wọ́n. Ike mínírà lítà kan àtààbọ̀, kọ́ọ̀kì rọ́bà tí fáàfù táyà gba inú rẹ̀ kọjá, àti omi tó kún ìdá mẹ́ta ike náà ti di rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ike mínírà tó ní gáàsì nìkan ni kí wọ́n lò, torí ó lè gba afẹ́fẹ́ tó le. Kí rọ́bà pọ́ǹpù gùn, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ síwájú ike, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má sì kọjá 60 lórí géèjì pọ́ǹpù. Ìyẹ́ páálí nídìí àti amọ̀ nímú á kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan náà, láìsí iná.

Ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe ti eré nìkan. Ní June 3, 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbéra láti Florida. Sátẹ́láìtì méjì tí kò ju kìlógíráàmù kan lọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹrù rẹ̀: ọ̀kan láti All Nations University ní Koforidua, èkejì láti FUTA l’Akurẹ. L’Ẹ̀pẹ́, ìjọba Nàìjíríà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìwúwo wà àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì kí wọ́n tó fi agbára kún agbára. Torí náà, bí ọmọ bá tún béèrè ẹ́ńjìnnì ńlá, ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ gé páálí àti rúlà wá.