Hilux Tó Ga, Táyà Tó Ń Ha: Kí Ló Kan Àláìmẹ́ǹtì Ńbẹ̀?

Ẹ gbé Hilux sókè ní ínṣì 2, ẹ fi táyà ńlá sí i, ọkọ̀ á dúró bíi kìnnìún. Àmọ́ ẹ yí sítíárì dé òpin, ẹ ó gbọ́ "gbàrà, gbàrà" lábẹ́ mọ́dígáàdì. Ìmọ̀ràn tí ẹ sábà máa gbọ́ ni pé, "Ẹ tún gbé e sókè díẹ̀ sí i." Ká má parọ́, ìyẹn kì í sábà yanjú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ìṣirò ọ̀hún ò sì le.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń fi irú Hilux bẹ́ẹ̀ kó òṣìṣẹ́ lọ sóko. Táyà iwájú ti ń ha débi pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti ń ya. Tó bá bẹ́ lórí eré, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn márùn-ún nìyẹn. Mo mú téèpù àti ẹfun, a sì yẹ ọkọ̀ náà wò látìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà ara táyà

Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni 265/65R17. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. 17 ni ìwọ̀n rííìmù ní ínṣì. Ẹ ṣírò ó: gíga táyà látòkè délẹ̀ jẹ́ bíi mìlímítà 776. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, 285/70R17, tó bíi 831. Ìyẹn ni pé táyà fi bíi mìlímítà 27 yọ sókè, síwájú àti sẹ́yìn.

Gbígbé sókè ń fún táyà láàyè lókè. Àmọ́ tí ẹ bá yí sítíárì, ẹ̀yìn ihò táyà, nítòsí ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, ló sábà ti ń ha. Ibẹ̀ ò fẹ̀ sí i rárá. Kódà lókè náà, tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, sípíríìnì á tẹ̀, táyà á sì gòkè dé ibi tó máa ń dé tẹ́lẹ̀, àfi tí ẹ bá fi rọ́bà tó gùn jù sí ibi tó ń dá a dúró.

Rííìmù tó yọ síta tún ń dá kún un. Ẹ wo ilẹ̀kùn: etí tó jìnnà sí ìdè ló ń gba àyè jù tí ẹ bá ń ṣí i. Bákan náà ni táyà tó jìnnà sí ibi tó ti ń yí.

Igun mẹ́ta

Lower arm àti upper arm ló gbé ẹsẹ̀ iwájú Hilux kọ̀ọ̀kan. Tí ọkọ̀ bá ga, àwọn irin yìí á dagun sísàlẹ̀, ìwọ̀n mẹ́ta á sì yí padà.

Camber: ẹ dúró níwájú ọkọ̀. Ṣé orí táyà fì sínú ni, àbí síta? Tó bá fì jù, ẹ̀gbẹ́ kan á tètè jẹ.

Toe: ṣé iwájú táyà méjèèjì ń wojú ara wọn ni, àbí wọ́n ń yà fúnra wọn? Tí táyà kan bá fi dígírì 0.5 péré yà kúrò lójú ọ̀nà, nínú kìlómítà 1, ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bíi mítà 9. Ṣé irú táyà bẹ́ẹ̀ á pẹ́?

Caster: ẹ wo irin tó di táyà iwájú kẹ̀kẹ́ mú. Kò dúró ṣánṣán, orí ẹ̀ fì sẹ́yìn. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ tààrà. Gbígbé ọkọ̀ sókè sábà máa ń dín caster kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi ní ọkọ̀ òun ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lórí ẹ́síprẹ́ẹ̀sì bí ẹni tó mutí yó.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Kí caster lè padà bọ̀ sípò, mẹkáníìkì á yí bóòtù ìdí lower arm, á sì ti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ síwájú. Táyà á tipa bẹ́ẹ̀ kúrò lára irin ẹ̀yìn tó ń ha. Àmọ́ ẹ má ti í jù, kó má lọ máa ha bọ́ńpà níwájú.

Bí ẹ ó ṣe tò ó

1. Ẹ fi ẹfun kun inú ihò táyà. Ẹ rọra wakọ̀ síwájú àti ní rìfáásì, kí ẹ yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí ẹfun bá ti ṣí ni táyà ti ń ha.

2. Ẹ ṣe àláìmẹ́ǹtì. Caster àti camber ló ṣáájú, toe ló kẹ́yìn, torí pé àwọn méjì àkọ́kọ́ máa ń yí toe padà.

3. Ẹ tún fi ẹfun wò ó, torí táyà ti kúrò níbi tó wà. Tó bá jẹ́ ike ló ṣì ń ha, ẹ fi ooru rọ̀ ọ́, kí ẹ tì í sẹ́yìn, tàbí kí ẹ gé e. Tó bá jẹ́ irin, wẹ́dà tó gé e gbọ́dọ̀ dí i padà, kó sì kùn ún kó má dípata.

4. Ẹ wo okùn bíréèkì nígbà tí sítíárì bá wà ní òpin. Kò gbọdọ̀ le tantan, táyà ò sì gbọdọ̀ kàn án.

Lẹ́yìn àláìmẹ́ǹtì, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò ha irin mọ́. Ike apá òsì nìkan ló kù, a sì gé e. Ó pààrọ̀ táyà tó ti ya yẹn kó tó padà sójú ọ̀nà.

Ẹ gba ìwé tó ní nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá àti ti ìsinsìnyí lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe àláìmẹ́ǹtì fún yín. Tí ẹ bá sì ṣe gbogbo èyí tó ṣì ń ha, táyà yẹn ti tóbi jù nìyẹn. 265/70R17 ga tó bíi mìlímítà 803. Ó ṣì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò ní yín lára tó bẹ́ẹ̀.