Mílímítà Méje Ààbọ̀: Bí Ìbọn Ẹfọ̀n Ṣe Ti Ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ Dé Orí Àtẹ

Mílímítà méje ààbọ̀ kò tó nǹkan. Kò tó fífẹ̀ èékánná àtàǹpàkò. Síbẹ̀, òun ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọta kan tí ilé-iṣẹ́ ńlá gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, tó já ọ̀pọ̀ ọdẹ kulẹ̀, àti òmíràn tí ọdẹ kan tí ẹfọ̀n ti kàn mọ́lẹ̀ rí jókòó ronú rẹ̀. Inú ìtàn ọta méjèèjì yìí la ti lè rí ìdáhùn sí ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ ẹni tó fẹ́ lọ bá ẹranko tó lè pa á: ṣé ìbọn tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀ lórí àtẹ ni kí n rà, àbí ìbọn àkànṣe tí wọ́n máa fi ìwọ̀n ara mi ṣe?

Láyé àwọn bàbá wa, ìbéèrè yìí kò tilẹ̀ sí. Àgbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ̀pọ̀ ṣakabùlà, òun náà ló ń tún èyí tó ti òkè òkun wá ṣe. Ọdẹ á jókòó ti ẹwìrì, á gbé ìdí ìbọn sí èjìká wò, wọ́n á tún igi rẹ̀ gbẹ́ títí yóò fi bá a lára mu. Ẹni tó ṣe ìbọn àti ẹni tó máa yìn ín mọ ara wọn, bí ìbọn bá sì hùwà tí kò dáa nínú igbó, ọ̀nà ilé àgbẹ̀dẹ kò ṣòro rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́, àfi pé owó tiwọn ló pọ̀.

Kí àwọn òyìnbó tó ní ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, ìwúwo ọta ni wọ́n fi ń bá erin jà. Ẹ̀tù dúdú kò lè mú ọta sáré púpọ̀, nítorí náà wọ́n ń mú ọta tóbi sí i. Samuel Baker, arìnrìn-àjò tó wá orísun odò Náílì lọ, ní ìbọn kan tó sọ ní “Baby”. Àwọn Lárúbáwá tó ń bá a rìn ń pè é ní ọmọ àgbá, nítorí ọta rẹ̀ wúwo tó ààbọ̀ pọ́n-ùn. Géńdé alágbára ni Baker, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun láti yìn ín.

Ìyípadà dé nígbà tí kọ́dáìtì, ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, dé. Ọdún 1889 ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ẹ̀tù yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1898, ilé-iṣẹ́ John Rigby ní Lọ́ńdọ̀nù fi í ṣe ọta .450 Nitro Express. Orí ọta náà kò ju gíráàmù 31 lọ, kò tó ìdá mẹ́fà ohun tí Baker ń yìn, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 655 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń wọ agbárí erin já. Láti ọjọ́ náà ni ayé ìbọn ọmọ àgbá ti parí.

Àmọ́ kọ́dáìtì àti ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́. Oòrùn Áfíríkà àti ti Íńdíà a máa ru agbára rẹ̀ sókè. Idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ á wú, á lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá ìbọn, kò ní fẹ́ jáde mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi ṣe idẹ ọta wọn gígùn, tó fẹ̀ nínú: bí àyè bá gba ẹ̀tù dáadáa, ipá rẹ̀ kò ní ga jù, idẹ á sì máa yọ wẹ́rẹ́ bí oòrùn tilẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àyè yìí sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

Ìbọn tí wọ́n fi ń yìn ọta wọ̀nyí ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì, iṣẹ́ ọwọ́ tí mo gbà pé ó wà lára èyí tó ṣòro jù tí ènìyàn ti fi irin ṣe. Bí ìbọn bá ta, ọ̀pá ọ̀tún máa ń ju ọta rẹ̀ sọ́tùn-ún, ti òsì á jù ú sósì. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ kí ẹnu wọn sún mọ́ ara díẹ̀, kí ọta méjèèjì lè bá ibì kan náà. Báwo ló ṣe máa mọ ìwọ̀n rẹ̀? Yóò yìn ín, yóò yọ́ òjé tó so ẹnu wọn pọ̀, yóò sún irin kékeré tó wà láàárín wọn síwájú tàbí sẹ́yìn bí irun orí, yóò tún un so, yóò tún un yìn. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Nígbà tó bá sì bọ́ sí i, oríṣi ọta kan ṣoṣo ló bọ́ sí i fún. Ẹni tó bá yí ẹ̀tù tàbí ìwúwo orí ọta padà ti ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n èrè ńlá wà níbẹ̀: ìfà méjì ló ní, gbogbo ohun èlò inú rẹ̀ jẹ́ méjì méjì, tó túmọ̀ sí pé ìbọn méjì ló wà lọ́wọ́ ọdẹ. Bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, èkejì wà.

Owó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tó owó ilé nígbà náà, ó tó o lónìí pẹ̀lú. Ọmọ ọba, ọlọ́lá àti ọ̀gágun ló ń rà á. Àgbẹ̀ tí erin ń jẹ oko rẹ̀ run kò lè dé ìdí rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún tálákà ni Paul Mauser, ará Oberndorf ní Jámánì. Ìbọn ológun tó gbé jáde lọ́dún 1898 ní ọ̀pá kan ṣoṣo àti bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń fà sẹ́yìn tì síwájú. Èékánná irin fífẹ̀ kan wà lára bọ́ọ̀tì náà. Bí ọta bá ti ń gòkè bọ̀ láti inú àpò rẹ̀, èékánná yìí ti gbá ìdí rẹ̀ mú, kò sì ní tú u sílẹ̀ títí yóò fi ta òfìfo idẹ dànù. Ẹni tí jìnnìjìnnì mú, tó fa bọ́ọ̀tì dé ìdajì tó tún tì í padà, kò ní ti ọta méjì wọnú ihò kan. Rigby, tó ń ta ọjà Mauser ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n bá òun ṣe èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọta ńlá. Inú rẹ̀ ni .416 Rigby ti jáde lọ́dún 1911. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Holland & Holland gbé .375 tiwọn jáde, èyí tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà sọ di ọta tó kéré jù tí ènìyàn lè gbé lọ bá ẹranko eléwu títí dòní.

Karamojo Bell, ọdẹ erin, pa erin tó lé ní 1,000, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, ìbọn Mauser tó ń yìn ọta .275 kékeré ló fi pa á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìtàn Bell gbè é lẹ́sẹ̀ pé kò sóhun tí ìbọn ńlá wà fún. N kò gbà. Bell la agbárí erin sí wẹ́wẹ́ láti mọ ibi tí ọpọlọ wà, ojú rẹ̀ kì í ṣìnà, ìbọn náà sì fúyẹ́ débi pé ó ń gbé e káàkiri láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹni tí kò ní ọgbọ́n yẹn, tó wá lọ fi ìbọn kékeré ṣá ẹfọ̀n lọ́gbẹ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ṣeré. Èmi ò lè ka ìtàn ìbọn wọ̀nyí kí n má ronú kan àwọn atọpasẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń rìn níwájú pẹ̀lú ọ̀pá lásán, tó ń wo ẹ̀jẹ̀ lára koríko. Bí ẹfọ̀n bá yọ láti inú igbó, òun ló kọ́kọ́ máa bá.

Ogun àgbáyé kejì da gbogbo rẹ̀ rú. Àwọn ọmọ ogun Faransé tú ilé-iṣẹ́ Oberndorf palẹ̀, Mauser gígùn sì di ohun àwátì. Gẹ̀ẹ́sì fi Íńdíà sílẹ̀ ní 1947, ọjà àwọn oníbọn Lọ́ńdọ̀nù sì tú. Láàárín 1960 sí 1970, Kynoch, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọta fún gbogbo ìbọn ẹlẹ́nu méjì wọ̀nyẹn, dáwọ́ dúró. Ìbọn tó tó owó ilé wá di igi lọ́wọ́ olówó, nítorí ọta kò sí.

Winchester, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ti rí àyè náà ṣáájú. Ní 1956, ilé-iṣẹ́ wọn ní New Haven gbé .458 Winchester Magnum jáde nínú ìbọn Model 70 tí wọ́n pè ní African. Orí ọta gíráàmù 32, eré mítà 655: iye kan náà tí ìbọn ẹlẹ́nu méjì ti Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe, ṣùgbọ́n nínú ìbọn tí òṣìṣẹ́ lásán lè tọ́jú owó rà. Àwọn olùṣọ́ ẹranko rà á káàkiri Áfíríkà. Ní tèmi, ohun rere ni Winchester ṣe yìí, àléébù tó wà nínú rẹ̀ kò sì pa rere rẹ̀ rẹ́.

Àléébù náà rèé. Kí ọta náà lè wọ ìbọn tí gígùn rẹ̀ kò ju ti gbogbo ayé lọ, wọ́n gé idẹ rẹ̀ dé mílímítà 63.5. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àyè. Ẹ̀tù tó yẹ kí ó jókòó pẹ̀sẹ̀ ni wọ́n kì mọ́lẹ̀ pinpin. Ọdẹ ilẹ̀ wa tó bá ti fi ọ̀pá ki ẹ̀tù rí mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀tù bá dì: iná kò ní ràn án déédéé. Bí ọta .458 ìgbà náà bá pẹ́ nínú ooru, ẹ̀tù inú rẹ̀ a máa dì bí òkúta. Àwọn tó wọn eré rẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ kò tó mítà 600. Èyí tó burú jù ni pé ọta méjì láti inú páálí kan náà lè má ṣe bákan náà.

Ní 1959, ní Mòsáńbíìkì, ẹfọ̀n kan gbé Jack Lott, ọdẹ ará Amẹ́ríkà, jù sókè, ó sì ṣe é léṣe. .458 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yè é, àmọ́ kò gbàgbé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní 1971, Lott mú idẹ .375 ti Holland, èyí tó ti wà láti 1912, ó gé e dé mílímítà 71, ó fi orí ọta .458 sí ẹnu rẹ̀. Méje ààbọ̀ péré ló fi gùn ju idẹ Winchester lọ. Ẹ̀tù rí àyè jókòó, eré ọta sì dé nǹkan bíi mítà 700, láìsí pé wọ́n ń kì í mọ́lẹ̀.

Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó bá fẹ́ ọta Lott kò lè bá ìbọn rẹ̀ pàdé lórí àtẹ. Yóò gbé ìbọn ilé-iṣẹ́ lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́, onítọ̀hún á fi irin ẹlẹ́nu mímú ra ihò ìdí ọ̀pá náà jìn sí i, á tún àpò ọta ṣe kí ó lè gba ọta gígùn. Ìbọn tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé á di ti ẹnì kan.

Ṣáájú ìgbà yẹn ni Winchester ti ṣe ohun kan tó dun àwọn ọdẹ gan-an. Lọ́dún 1964, wọ́n yọ èékánná Mauser kúrò lára Model 70 kí ìnáwó lè dínkù. Ìbọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún náà wá di ohun tí wọ́n ń wá kiri bí egbòogi, owó rẹ̀ sì lé sókè. Ó di bíi 1990 sí 1994 kí ilé-iṣẹ́ náà tó dá èékánná padà. Lójú mi, kò sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ pé ọdẹ mọ ohun tó ń rà.

Ní 2002, Hornady bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọta Lott, Ruger sì ṣe ìbọn rẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbẹ́ ẹnì kan ti dé orí àtẹ.

Bí ẹnì kan bá béèrè lọ́wọ́ mi lónìí, tó fẹ́ lọ sí Tànsáníà tàbí Sìmbábúwè níbi tí òfin ti gbà á láyè (Kẹ́ńyà ti fòfin de irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ láti 1977), màá ní kó ra .375 ilé-iṣẹ́ tó ní èékánná. Lẹ́yìn náà, kó gbé e lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ tó dáńgájíá, kí ó gé igi ìdí ìbọn dé ìwọ̀n apá rẹ̀, kí ó sì dán ọ̀nà tí ọta ń gbà gòkè títí kò fi ní há mọ́. Owó tó bá kù, kó fi ra ọta, kó máa fi ṣe ìdánrawò lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ìjókòó. Ìbọn tó bá tóbi ju bí èjìká rẹ̀ ṣe lè gbà lọ yóò kọ́ ojú rẹ̀ láti máa dì kí ó tó fa ìfà, ẹfọ̀n tó bá sì ṣá lọ́gbẹ́ báyẹn, atọpasẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e wọnú koríko.

Ẹni tó bá sì ti mọ .375 yìn dáadáa, tí èjìká rẹ̀ gbà á, tó wá fẹ́ ìbọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, Lott ni màá tọ́ka sí. Nítorí ẹnu ọta méjèèjì dọ́gba, tí ti Lott kàn gùn, ọta .458 ti 1956 ń wọnú ìbọn Lott, ó sì ń yìn. Bí àpótí ọta rẹ̀ bá sọnù sí pápákọ̀ òfurufú, ó lè ra ọta Winchester ní ìlú tó bá kọ́kọ́ dé, kí ó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.