Kí Ẹ Tó Fi Táyà Ńlá Sí Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́

Ẹni tó ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ jáde láti oko ní Òkè-Ògùn mọ bí ọ̀nà ṣe ń fìyà jẹ Hilux àtijọ́, tàbí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láyé ọjọ́un. Táyà á rì sínú ẹrẹ̀, òkúta á máa ha abẹ́ ọkọ̀. Abájọ tí ọlọ́kọ̀ fi ń wá táyà tó ga ju tàtijọ́ lọ. A ò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ mọ ohun tí táyà náà máa yí padà kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ka nọ́ńbà ara táyà

Ká ní 205/70R15C ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 205, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 15. Bí a bá ṣírò rẹ̀, gbogbo táyà náà ga tó mìlímítà 668. Ti táyà tó tóbi jù ú lọ, bíi 235/75R15, lé ní 730. Ìdajì àfikún yìí péré ló máa gbé ọkọ̀ sókè, ìyẹn íńṣì kan lé díẹ̀. Ìdajì yòókù ń lọ sábẹ́ fẹ́ńdà.

Ẹrù ló ń kọ wá lóminú jù. Lẹ́tà C ń sọ pé táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sábà máa ń jẹ́ 106: táyà kan lè gbé kílò 950. Ọ̀pọ̀ 235/75R15 tí wọ́n ṣe fún jíìpù ní 105, kílò 925. Ó tóbi lójú, àmọ́ ẹrù tó lè gbé kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tún wo ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà, nínú nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT ara rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Rọ́bà ń gbó níbi tí wọ́n tò ó sí, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fi rìn rí.

Eré àti bíréèkì

Pẹ̀lú táyà méjì tí a fi ṣàpẹẹrẹ yìí, bí gééjì bá ń sọ 100, eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 110. Táyà náà tún wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ bíréèkì àtijọ́ náà ló máa dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u wò, kó yẹ páàdì, dúróòmù àti hóòsì wò. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ti gbó, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fowó ṣe.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì dán an wò

Ẹ di táyà kan ṣoṣo níwájú, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun etí rẹ̀ yíká. Ẹ kó ẹrù sí ọkọ̀, kí ẹ wà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yí sítíárì títí kò fi ní yí mọ́, lọ́tùn-ún àti lósì. Ibi tí funfun bá lẹ̀ mọ́ lábẹ́ fẹ́ńdà ni táyà ti ń ha. Ẹ má ṣe fi irin ti ríìmù síta kó má baà ha mọ́; bíárìn ló máa jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 50 sí 100 àkọ́kọ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì dè. Ẹ ra sípíà tó bá táyà tuntun dọ́gba: bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bá ga ju èkejì lọ, gíà ẹ̀yìn kò ní sinmi ní gbogbo ọ̀nà.