Ṣé O Mọ̀? Ọmọ Ọ̀kà, Sátẹ́láìtì Tó Kú, àti Ẹni Tó Wádìí Ohun Tó Bàjẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Ọ̀kà-Àkókó ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ tí àjọ NASRDA ní? Àjọ yìí ni ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì àti òfuurufú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Àjàyí Boroffice lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n kò tiẹ̀ kan ìràwọ̀ tàbí rọ́kẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ̀kọ́ nípa àbùdá tí ọmọ ń jogún lára òbí ni.

Ṣé o mọ̀ pé òun ló wà lórí àga nígbà tí Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì àkọ́kọ́? Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé NigeriaSat-1 kúrò ní Plesetsk, lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà. Kò wúwo ju nǹkan bí 100 kílò lọ, ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì méjì péré. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣírò pé yóò fi ṣiṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú New Orleans jẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn sátẹ́láìtì tó fi àwòrán ibi tí omi ya dé ránṣẹ́ sílẹ̀. Ó wù mí kí gbogbo ọmọ iléèwé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà mọ èyí, kí wọ́n mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n èyí tó kú ni mo fẹ́ kí a dúró tì jù.

Ṣé o mọ̀ pé sátẹ́láìtì Nàìjíríà kan kú sí òfuurufú kó tó pé ọdún méjì tó gòkè? NigComSat-1 ni. Oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ni wọ́n gbé e kúrò ní Xichang, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ó wúwo ju 5,000 kílò lọ, owó tó bá a lọ sì lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní kó lò. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2008, apá tó fi ń gba iná láti inú oòrùn dàrú, bátìrì rẹ̀ gbẹ, ó dákẹ́. Àwàdà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi í ṣe nílé lóko: wọ́n ní sátẹ́láìtì Nàìjíríà ti sọnù. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé ẹ̀rín tí a rín yẹn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e.

Ṣé o mọ ohun tó tẹ̀ lé e? Wọ́n ti ra adójútòfò lé e lórí kó tó gbéra. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó kú, wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé fún èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni NigComSat-1R gòkè, láti Xichang kan náà. Ẹni tó ra adójútòfò ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé nǹkan náà lè bàjẹ́. Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ti pinnu pé bó bá bàjẹ́, òun yóò padà wá.

Ṣé o mọ̀ pé irú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé sátẹ́láìtì méjèèjì yìí, Long March 3B, kò ríbi lọ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tàn án? Oṣù Kejì ọdún 1996 ni, ní Xichang yìí náà. Bó ṣe kúrò nílẹ̀ ló ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tó sì fi máa di ìṣẹ́jú àáyá 22, ó ti forí sọ òkè tó wà nítòsí. Èèyàn kú. Sátẹ́láìtì Intelsat tó gbé dání fọ́ yángá. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà tú ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún rọ́kẹ́ẹ̀tì wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé ibi tí wáyà kékeré kan ti so pọ̀ mọ́ òmíràn ló já. Wáyà tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí! Wọ́n tún bí wọ́n ṣe ń ṣe é ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, irú rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kan náà gbé sátẹ́láìtì àwọn ará Philippines dé ibi tó ń lọ, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ló sì gbé tiwa.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ló fọwọ́ ara wọn to NigeriaSat-X? Ìlú Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé iṣẹ́ kan náà tó ṣe NigeriaSat-1. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ló gòkè láti Rọ́ṣíà pẹ̀lú NigeriaSat-2, tí àwòrán tirẹ̀ mọ́ dé ibi pé ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà méjì àtààbọ̀ nílẹ̀ yóò hàn nínú rẹ̀. Kí o wá ka NigComSat-1R ti oṣù Kejìlá mọ́ ọn: sátẹ́láìtì Nàìjíríà mẹ́ta ló gòkè lọ́dún kan ṣoṣo, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a fi èyí tó kú rẹ́rìn-ín.

Ṣé o mọ̀ pé Àkúrẹ́ náà ti ní sátẹ́láìtì rí? Àwọn ará FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, ló ni Nigeria EduSat-1. Kékeré ni, àpótí tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Kyushu Institute of Technology ní Japan ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti SpaceX sì gbé e gòkè ní oṣù Kẹfà ọdún 2017.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí SpaceX ṣe, Falcon 1, bàjẹ́ kó tó yege? Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, nọ́ọ̀tì kan tí ìpẹtà ti jẹ jẹ́ kí epo jò, iná sì sọ. Ní ọdún 2007, epo inú rẹ̀ ń mì síbí mì sọ́hùn-ún títí ó fi ṣìnà. Ti oṣù Kẹjọ ọdún 2008 ló yà mí lẹ́nu jù. Apá ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì já kúrò lára ti òkè bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n agbára díẹ̀ ṣì kù nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó tún sáré lọ kọ lu apá òkè lẹ́yìn. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n fi ìwọ̀nba àkókò kún àkókò tó wà láàárín kí ẹ́ńjìnnì kú àti kí apá méjèèjì já. Ìyẹn nìkan. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, kò tíì pé oṣù méjì, Falcon 1 kẹrin dé òfuurufú.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Japan, níbi tí àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ti kọ́ṣẹ́, ti ṣubú ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Lambda 4S wọn kùnà láàárín ọdún 1966 sí 1969. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1970, ló gbé sátẹ́láìtì Ohsumi dé òfuurufú.

Ṣé o mọ ìtàn Íńdíà? Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1979 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì SLV-3 wọn já sínú òkun. Abdul Kalam, tó padà di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, ló ń darí iṣẹ́ yẹn. Ọ̀gá rẹ̀, Satish Dhawan, kò jẹ́ kó dá nìkan kojú àwọn oníròyìn: òun fúnra rẹ̀ ló jáde sí wọn, ó gba ẹ̀bi náà sí ọrùn. Nígbà tí SLV-3 yege ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1980, Kalam ló ní kó lọ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá iléèwé wa, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwa òbí ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọn kò ní bú òun lójú ayé yóò sọ ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́. Èyí tó ń bẹ̀rù yóò bò ó mọ́lẹ̀, àṣìṣe náà yóò sì tún padà wá.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí wo ẹ̀yìn. Wọ́n rí wáyà, wọ́n rí nọ́ọ̀tì, wọ́n rí ìwọ̀nba àkókò tí kò tó. “Tún un ṣe” nìkan ni a sábà máa ń sọ fún ọmọ tó fìdí rẹmi, a kì í bi í pé “níbo ló ti já?”

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Ìkàrẹ́ àti ọmọ Ọ̀kà jọ pàdánù lọ́jọ́ kan náà nínú òṣèlú? Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ APC dìbò abẹ́lé fún ipò gómìnà Oǹdó. Olúṣẹ́gun Abraham láti Ìkàrẹ́ ní ìbò 635. Boroffice láti Ọ̀kà, ọ̀jọ̀gbọ́n sátẹ́láìtì wa yìí kan náà, ní 471. Rótìmí Akérédolú láti Ọ̀wọ̀ ló borí pẹ̀lú 669. Ìbò 34 péré ló wà láàárín òun àti Abraham!

Ṣé o sì mọ̀ pé Akérédolú fúnra rẹ̀ ti pàdánù rí? Lọ́dún 2012, lábẹ́ ẹgbẹ́ ACN, ipò kẹta ló ṣe, lẹ́yìn Olúṣẹ́gun Mímìkò àti Olúṣọlá Òkè. Nígbà tó padà wá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìbò 244,842 ló fi wọlé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láàárín ìgbà náà: Mímìkò ti ń lo sáà kejì rẹ̀ lọ sí òpin, ACN ti wọnú APC, APC ló sì ń ṣèjọba ní Abuja. Ẹni tó bá ń fi ìtàn yìí gba ara rẹ̀ níyànjú, kó má gbàgbé èyí. Ọkùnrin náà ní ìgboyà, ilẹ̀ tó dúró lé lórí sì ti yàtọ̀ sí ti ìgbà àkọ́kọ́. Boroffice ní tirẹ̀ bá iṣẹ́ sẹ́nétọ̀ rẹ̀ lọ. Láti 2011 títí di 2023 ló fi ṣojú Àríwá Oǹdó, ìyẹn gbogbo Àkókó pẹ̀lú Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀ṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé yunifásítì tó wà ní Àkùngbá, nítòsí wa níbí, wá látinú àdánù? Adó-Èkìtì ni ìpínlẹ̀ Oǹdó dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ sí lọ́dún 1982. Nígbà tí wọ́n ya Èkìtì sọ́tọ̀ ní 1996, ilé ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí ọwọ́ Èkìtì. Ìgbà tí Adébáyọ̀ Adéfarátì, ọmọ Àkùngbá, di gómìnà ní 1999 ni èyí tí a mọ̀ lónìí sí Adékúnlé Ajáṣin fìdí kalẹ̀ sí Àkókó.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi máa ń jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, JAMB jáde sọ fún gbogbo ayé pé àṣìṣe àwọn ló ba ìdánwò ọmọ 379,997 jẹ́ ní ibùdó 157, ní Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. Bí wọn kò bá wádìí ni, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ìbá ti gbà pé olódo ni àwọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gba èsì ìdánwò àṣekágbá iléèwé girama láti ìjókòó méjì papọ̀ fún kírẹ́díìtì márùn-ún? Òfin ìgbaniwọlé fúnra rẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣubú.

Ṣé o sì mọ̀ pé WAEC máa ń kọ ìròyìn nípa ìdánwò rẹ̀, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan? Àwọn ọ̀gá tó ń darí àwọn olùmáàkì ló ń kọ ọ́. Wọ́n ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ àti ohun tí wọn ìbá ti ṣe. Nínú ti Ìṣirò, ohun kan náà ló ń padà wá ṣáá: àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, àti àwọn tó kan òbìrí. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀sùn náà ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ kì í dáhùn ohun tí ìbéèrè béèrè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì WAEC ló wà, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.

Nítorí náà, ìwọ tó wà ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà tàbí níbikíbi ní Àkókó tí èsì GCE rẹ kò dára, mo bẹ̀ ọ́, má tíì sáré san owó fọ́ọ̀mù tuntun. Wá ìròyìn náà lórí ẹ̀kọ́ tó o ti gba F9 yẹn, kí o sì bẹ olùkọ́ kan kó jókòó tì ọ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.