Ẹ Jẹ́ Kí Adìẹ Yín Rí Òkùnkùn Sùn

Mo dé ilé kan láìpẹ́ tí wọn kì í pa iná ilé adìẹ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ọgọ́rùn-ún bírọ́ílà ni wọ́n kó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mọ́kàndínlógún kò lè dìde mọ́. Ìyá tó ni wọ́n ní, "Tíṣà, mo rò pé bí iná bá ń tàn, wọ́n á máa jẹun tọ̀sán-tòru, wọ́n á sì tètè tóbi."

Èrò wọn kò burú, ṣùgbọ́n ara adìẹ ní iṣẹ́ tó ń ṣe lóru. Kókó kékeré kan wà nínú agbárí rẹ̀ tí à ń pè ní pineal. Ti adìẹ yàtọ̀ sí tiwa, torí òun fúnra rẹ̀ ń mọ ìmọ́lẹ̀ tó gba egungun orí wọlé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á máa tú melatonin sínú ẹ̀jẹ̀; bí iná bá tàn, á dáwọ́ dúró. Melatonin yìí ló ń sọ fún ara pé òru ti dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ kókó mìíràn lábẹ́ ọpọlọ, èyí tó ń tú omi ìdàgbàsókè jáde. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà ròyìn pé nígbà tí wọ́n yọ pineal kúrò lórí àwọn ọmọ adìẹ, omi ìdàgbàsókè inú ẹ̀jẹ̀ wọn dínkù. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé àwọn onímọ̀ tán, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ ra oògùn melatonin. Ọ̀fẹ́ ni òkùnkùn.

Ní Zaria tó wà nítòsí wa, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran ní Yunifásítì Ahmadu Bello ti fi bírọ́ílà tí iná ń tàn sí lára tọ̀sán-tòru wé èyí tó ń rí òru, nígbà ooru gan-an. Èyí tí wọ́n fún ní melatonin fara da ooru jù.

Ẹsẹ̀ rírọ lè ti inú oúnjẹ tí kò ní eegun tó wá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n adìẹ tó ń sùn kì í sanra ju agbára egungun rẹ̀ lọ ní kékeré, á sì lé ara rẹ̀ bá nígbà tó bá yá.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ adìẹ nílò iná àti ooru. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní òkùnkùn wákàtí kan, kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi di mẹ́fà, ní àkókò kan náà lálaalẹ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2007 pàápàá ní wákàtí mẹ́fà, kí mẹ́rin nínú rẹ̀ má já. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ fi ìkòkò èédú mú wọn móoru, kí ẹ̀rọ náà má tan ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé.

Ti adìẹ ẹlẹ́yin yàtọ̀ o! Wákàtí mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ojúmọ́ Kaduna ní Disẹ́ńbà kò ju bíi mọ́kànlá àti ààbọ̀ lọ. Ẹ má ṣe dín tiwọn kù.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ gbé iná síta, kó má kọjú sí fèrèsé adìẹ.