Kí Òwú Tó Là

Ní Katsina, Zamfara àti agbègbè Zaria, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ olówùú máa ń kọ́kọ́ gbìn bí òjò bá dé. Òwú a dúró dìgbà tí oúnjẹ bá wọlẹ̀ tán. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ètò náà kì í ṣe ti aláìgbọ́n. Ṣùgbọ́n òwú ló ń jìyà rẹ̀: èyí tó pẹ́ wọlẹ̀ kò ní tíì so tán tí òjò á fi dá, èso kéékèèké á sì gbẹ sórí igi láìlà. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀nà tuntun láti gbin òwú béèrè nìyí, kò sì gba kọ́bọ̀: kí òwú wọlẹ̀ ní kété tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Lọ́nà àtijọ́, àgbẹ̀ a da kóró òwú púpọ̀ sójú ihò kan, a sì fi gbogbo èyí tó bá hù sílẹ̀ kí wọ́n máa fún ara wọn lọ́rùn. Lọ́nà tuntun, poro a jìnnà síra ní nǹkan bíi 90 sẹ̀ǹtímítà, wọn a fa èyí tó pọ̀ jù tu kó ku ẹyọ kan tàbí méjì, wọn a tètè ro ó, wọn a sì fún un ní ajílẹ̀.

Kòkòrò ni iṣẹ́ le sí. Bí èèyàn bá já èso òwú tútù tó ní ihò bíńtín lára, tó sì là á, yóò bá ìdin nínú rẹ̀ tó ti jẹ kóró, òwú tó yí i ká á sì ti dúdú. Oògùn tí wọ́n bá fọ́n lásìkò yẹn kò lè bá a mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi mú apilẹ̀ àbùdá bakitéríà inú ilẹ̀ kan sínú òwú fúnra rẹ̀: ìdin tó bá jẹ ẹ́ á kú. Ní 2018, Nàìjíríà fọwọ́ sí oríṣi méjì irú òwú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó lè so ju tọ́ọ̀nù 4 lọ lórí hẹ́kítà kan, nígbà tí oko àgbẹ̀ kì í sábà pé tọ́ọ̀nù 1. Iye yẹn kò sí fún ẹni tó gbìn ín pẹ́ tí kò sì rí ajílẹ̀ rà. Òwú náà kò pa kòkòrò tó ń fa omi ara ewé, ọdọọdún ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ra irúgbìn rẹ̀.

Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irú rẹ̀ ní 2008, ó sì pa á tì ní 2016, nítorí fọ́nrán rẹ̀ kúrú, owó rẹ̀ sì dínkù lọ́jà. Bẹ̀nẹ̀ kò gbin irú òwú yìí rárá, síbẹ̀ òwú tí wọ́n kó ní 2019 sí 2020 lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù. Irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ ní àwìn, ẹni tó máa ra òwú náà sì ti wà nílẹ̀.

Ní ti kíkó, ọwọ́ ṣì dára ju ẹ̀rọ lọ, torí ewé gbígbẹ kì í bá a wọlé. Àpò ajílẹ̀ oníke tí wọ́n fi ń kó o ló ń bà á jẹ́. Fọ́nrán ike tó bá já sínú òwú kì í gba aró, ara aṣọ ló ti máa ń hàn. Kí àgbẹ̀ fi agbọ̀n tàbí àpò aṣọ kó o.